Ẹ̀rọ ìyangààrí tí àwọn òṣìṣẹ́ pa tì

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn wá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó ń darí iléeṣẹ́ gààrí lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jogún rẹ̀, òṣìṣẹ́ 26 ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Lọ́dún tó kọjá wọ́n yá owó ní báǹkì, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yan gààrí, wọ́n sì fi áàpù sórí fóònù akọ̀wé wọn kí ó lè máa ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó wọlé àti gààrí tó jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ti padà sídìí agbada, ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀, akọ̀wé sì ń kọ ohun kan náà sínú ìwé kí ó tó tún tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n dá àwọn àgbà inú wọn dúró, kí wọ́n fi ọ̀dọ́ rọ́pò wọn. Ó wá béèrè pé: "Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ló lẹ́bi ni, àbí ẹ̀rọ, àbí èmi? Kí ni kí n ṣe báyìí tí gbèsè báǹkì ń gorí ara wọn?"

Arábìnrin mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ohun tí ìyá yín fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú jù: ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni dúró. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ gbé ẹ̀rọ tuntun wọ inú iṣẹ́ tí ìyá yín ti tò fún agbada, ẹ sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá lé gbogbo àgbà ibẹ̀ lọ lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ bá gbà yóò bá ètò kan náà níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì tún dákẹ́.

Àwọn tó lówó tó sì nímọ̀ jù wá lọ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, kí iná mànàmáná tó dé, ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí ooru omi ń yí ló máa ń gbé gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Á máa yí ọ̀pá irin gígùn kan tó gba abẹ́ àjà kọjá láti ìkángun ilé kan dé èkejì, bẹ́líìtì aláwọ á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ara ọ̀pá yìí wá sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pá bá gbà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, yálà ibẹ̀ rọ iṣẹ́ lọ́rùn tàbí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí iná mànàmáná di ohun tí a lè rà ní nǹkan bí 1882 síwájú, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni iléeṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé mọ́tò iná ńlá kan sí ààyè rẹ̀, ọ̀pá àti bẹ́líìtì sì wà níbi tí wọ́n wà. Èrè tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Paul David, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford, ṣàlàyé ní 1990 pé ó tó nǹkan bí ogójì ọdún, títí wọ ẹ̀yìn 1920, kí èrè iná mànàmáná tó fara hàn dáadáa nínú àwọn iléeṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò tirẹ̀, tí wọ́n kúrò nínú ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ti ń lò, tí wọ́n sì tún iléeṣẹ́ tò kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì láìpadà sẹ́yìn. Ètò iṣẹ́ tó yí mọ́tò ká ni wọ́n yí padà, èrè sì tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá jọ rin iṣẹ́ tiyín láti ẹnu géètì dé ibi tí ẹ ti ń rán ẹnu àpò. Bíbó ẹ̀gẹ́ ló ṣáájú, ọwọ́ obìnrin àti ọ̀bẹ ló sì ń ṣe é, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kò rí bákan náà, èyí wọ́, èyí rí kìǹbà, ẹ̀rọ ìbó-ẹ̀gẹ́ tí mo ti rí sì máa ń gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Ẹ̀gẹ́ kò sì ṣeé kó jọ dúró dè wọ́n, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wú u, inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Ẹ wá fi ojú ìṣirò wò ó. Bí ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin yín lè bó lóòjọ́ bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 2, gààrí tó máa jáde nínú rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí kílò 400 sí 500 lọ, nítorí omi àti èèpo ló pọ̀ jù nínú ohun tí ọkọ̀ kó wá. Bí ẹ̀rọ yín bá lè yan tọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, yóò parí iṣẹ́ tó bá délẹ̀ kí oòrùn tó kanrí, yóò sì dákẹ́ di ọjọ́ kejì. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ṣọ̀tẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ lo owó ńlá láti mú kí ibi tó ti yá tẹ́lẹ̀ tún yá sí i, ẹ sì fi ibi tí iṣẹ́ ti ń há sílẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ẹ gba àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ sí i, tí iye tí wọ́n ń bó di ìlọ́po méjì, ohun mìíràn tún wà níwájú. Gààrí Ìjẹ̀bú ni gààrí yín, ó gbọ́dọ̀ kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́ tán, yóò wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì ń fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tiyín bá ń lo ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀gẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló ń wà nílẹ̀ nígbàkúùgbà, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 8 bí ẹ bá ń bó tọ́ọ̀nù 2 lóòjọ́. Bí iṣẹ́ bá di ìlọ́po méjì, yóò di tọ́ọ̀nù 16. Níbo ni ẹ máa tò ó sí? Àpò mélòó ni ẹ ní? Ihò omi tó wà níbẹ̀, ṣé ó lè gbé omi kíkan tó máa ṣàn jáde lára gbogbo rẹ̀? Owó tí ẹ fi ra ẹ̀gẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yẹn ńkọ́, tó máa há sínú àpò kí ẹ tó rí náírà kan padà? Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín kò ní sọ èyí, nítorí pé ẹ̀rọ ni tirẹ̀, àyè ìkan-gààrí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kíkan yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rù jù fún iléeṣẹ́ bíi tiyín. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yóò wá sọ fún yín pé ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà dín ọjọ́ kíkan kù sí ọjọ́ kan kí ẹ̀rọ má bàa dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó dúró ní ọjà Òkè-Àjé tó ń wọn gààrí yín ní kóńgò, àti ẹni tó wá láti Èkó tó ń gbé àpò mẹ́wàá, kì í ṣe ẹ̀rọ yín ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń ra gààrí tó máa ń dún ká ká lẹ́nu nínú omi tútù, tó kan débi pé ó máa ń mú eyín wọn. Yàtọ̀ sí adùn, kíkan, fífún omi àti yíyan ló ń lé oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ jáde, ẹni tó bá gé wọn kúrú ń fi ìlera àwọn tó ń jẹun ṣeré. Nínú gbogbo iṣẹ́ ni ohun kan ti wà tí oníbàárà ń sanwó fún, ohun púpọ̀ sì tún wà tó jẹ́ pé bí a ṣe bá a la fi ń ṣe é. Jáàkì tí ẹ fi ń tẹ omi jáde, ajọ̀, igi ìdáná, ìwé àkọsílẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ lè yí padà lọ́la. Ọjọ́ tí gààrí fi ń kan ni kí ẹ fi ọwọ́ yín méjèèjì dì mú.

Èmi náà ti ṣi ìṣirò ṣe rí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gba oníbúrẹ́dì kan ní Rémọ nímọ̀ràn pé kí ó ra ẹ̀rọ ńlá tó ń po ìyẹ̀fun. Mo ka iye ìyẹ̀fun, mo ka owó àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ pò ó, ṣùgbọ́n n kò ka ààrò. Lóru ọjọ́ kẹta tí ẹ̀rọ dé, mo dúró níbẹ̀ mo ń wo ìyẹ̀fun pípò tó ti wú kọjá etí agolo búrẹ́dì, tó ń ṣàn sílẹ̀ sórí tábìlì, nítorí pé ẹ̀rọ ti po iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ní wákàtí kan, ààrò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò sì lè gbà ju iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ òru ọjọ́ náà la dà nù. Mo san owó ìyẹ̀fun náà, nítorí ẹ̀bi mi ni. Láti ìgbà yẹn, n kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ẹ̀rọ kí n tó fẹsẹ̀ rin gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tèmi taago lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìdí agbada. Ẹ lọ jókòó ti èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní òwúrọ̀ kan, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé kó tó da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jọ̀ sínú agbada, yóò bu ìkúnwọ́ kan, yóò fún un, yóò sì la ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fún un, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá tú ká, iná lè gbà á. Bí ó bá ti ń fi àfọ́kù igbá yí i, etí ló fi ń ṣiṣẹ́, torí gààrí tó ti gbẹ máa ń dún ṣàà lára irin, èyí tí kò tíì gbẹ kì í dún. Ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n fi lélẹ̀ fún gààrí ní 1989 ní kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Obìnrin yìí ń fi etí mọ ohun tí àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ wọ̀n. Ẹ̀rọ tiyín, ní tirẹ̀, iná tí ẹnìkan ṣètò fún un ló mọ̀. Ẹ̀gẹ́ ìgbà òjò àti ẹ̀gẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bákan náà ni wọ́n rí lójú rẹ̀. Bí gààrí tó jáde nínú rẹ̀ bá rọ̀ tàbí tó jóná, àwọn obìnrin náà mọ̀ kí ẹ tó mọ̀, wọ́n sì padà sídìí agbada nítorí pé orúkọ ìyá yín wà lára àpò.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ má lé wọn. Àwa tí àwọn ìyá wa jókòó sídìí òfì mọ̀ pé ojú ahunṣọ kì í kúrò lára òwú, torí bí ẹyọ kan bá já tí kò tètè rí i, aṣọ ti bàjẹ́. Ní Japan, ọmọ káfíńtà kan tó ń jẹ́ Sakichi Toyoda fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ, títí ó fi di 1924 tí òun àti ọmọ rẹ̀ parí ọ̀kan tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ tí òwú bá já. Ohun tí ojú ahunṣọ mọ̀ ni ó gbé sínú irin. Ìṣòwò tó ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde ló bí ọkọ̀ Toyota tó kún ojú títì wa. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kéré: ẹ fi obìnrin tó dàgbà jù yẹn ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí òun ni yóò máa sọ iye iná, ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ti tó dà sínú rẹ̀, àti ìgbà tí gààrí tó kó jáde. Kí ọ̀dọ́ kan tó mọ bọ́tìnnì dúró tì í, kí ó máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹ ó ní ìwé ìlò ẹ̀rọ tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú gan-an, èyí tí ẹni tó tà á fún yín kò ní.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà nínú rẹ̀, lẹ́tà yín kò sì mẹ́nu bà á. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ gààrí, iye àpò tí obìnrin bá yàn ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo àpò tí ẹ̀rọ bá yàn ni àpò tí ẹnìkan nínú wọn kò ní gbowó lé lórí. Ṣé ẹnikẹ́ni jókòó tì wọ́n, tó ṣàlàyé bí owó wọn yóò ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dé? Bí kò bá sí, wọn kò kọ ẹ̀rọ, ebi ni wọ́n ń sá fún. Ẹ wo iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ẹ̀rọ, kí ẹ ṣèlérí ní gbangba pé kò sẹ́ni tí owó rẹ̀ máa dín sí bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un bí gààrí tó jáde bá pọ̀ sí i. Àwọn tí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ibi bíbó ẹ̀gẹ́ àti ibi dídì í sínú àpò ń fẹ́ ènìyàn.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àgbàlagbà kì í gba ohun tuntun. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n nítorí pípààrọ̀ náírà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ìyá tí kò fi fóònù ṣe ohunkóhun ju ìpè lọ rí ti ń gba owó ọjà láti ọwọ́ báǹkì sí báǹkì, wọ́n ń dúró de ìró fóònù kí wọ́n tó fi ẹrù sílẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, Everett Rogers, fi ayé rẹ̀ wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tirẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ oko tuntun, síbẹ̀ ó kọ irúgbìn àgbàdo tuntun tí àwọn ará àdúgbò ti ń gbìn. Ní 1936 ọ̀dá dá, àgbàdo àdúgbò dúró, tirẹ̀ rọ. Ẹnìkan náà ló gba èyí tó sì kọ ìyẹn. Ní 1962, Rogers kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn máa ń wò ó bóyá ohun tuntun náà sàn ju ti àtijọ́, bóyá ó bá ìgbésí ayé wọn mu, bóyá ó yé wọn, bóyá wọ́n lè fi díẹ̀ dán an wò, àti bóyá wọ́n lè fojú rí èrè rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Nínú márààrún, fífi díẹ̀ dán an wò ni mo rí i pé ẹ fò. Ẹ kó ẹ̀rọ wọlé lọ́jọ́ kan, ẹ sì retí pé gbogbo agbada yóò kúrò lọ́jọ́ kejì.

Ní ti áàpù orí fóònù, mo rò pé ẹ̀yin lẹ yára jù. Kílò ni áàpù ń béèrè, nígbà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù bá ṣe kún tó lẹ fi ń ra ẹ̀gẹ́. Akọ̀wé yín ń fojú díwọ̀n, ó ń tẹ ìfojúdíwọ̀n sórí fóònù, fóònù sì ń fi í ya àwòrán tó dára. Ẹ ra òṣùwọ̀n tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, tó lè gbé àpò, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹnu géètì kí ẹ sì tún tẹ́ òmíràn síbi tí ẹ ti ń di gààrí. Bí mo bá ní náírà díẹ̀ ṣoṣo láti fi ṣe ohun tuntun nínú iléeṣẹ́ yín, orí òṣùwọ̀n ni màá ná an sí. Lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n bá ti dé, kí akọ̀wé fi ìwé àti fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀ fún oṣù kan péré, kí ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ìwé yóò parí. Ẹni tó ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì títí yóò pa ọ̀kan tì, èyí tí kò yé e ni yóò sì pa tì.

Ẹ tún wo irin ara ẹ̀rọ náà. Omi ẹ̀gẹ́ tó kan máa ń jẹ irin lásán, ìpẹtà á sì bọ́ sínú gààrí, nítorí náà ibi tí oúnjẹ bá kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí kì í pẹtà. Ẹ mú wẹ́dà kan àti mọkáníìkì kan ní àdúgbò yín, kí wọ́n tú u tò lójú yín, kí ẹ mọ bẹ́líìtì àti bẹ́rìn tí ẹ lè rí rà ní Ìjẹ̀bú-Òde láìdúró de Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn lẹ́yìn ọ̀la, ẹ kọ́kọ́ lọ wo àwọn ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tó ti wà láti 1956, tàbí ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kí ẹ sì mú obìnrin ìdí agbada kan dání.

Àbúrò yín kò burú. Ó ń rí gbèsè, ó sì fẹ́ kí nǹkan yá. Ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi kan: kí ó mú aago àti ìwé, kí ó jókòó ti ibi kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà láti òwúrọ̀ di alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó máa kọ iye kílò tó wọlé síbẹ̀, iye tó jáde, àti wákàtí tí ènìyàn tàbí ẹ̀rọ fi jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, kí ẹ̀rọ máa yan gààrí ọjọ́ méjì tó ń yàn báyìí, kí ẹ má sì fipá mú un jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí ó há lójú ara yín, ibẹ̀ sì ni kí owó tó bá kù kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, kí oṣù tí ẹ kò ní lè san tó dé, ẹ lọ bá báǹkì fúnra yín, kí ẹ béèrè pé kí wọ́n tún àkókò sísan tò fún yín. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà dání, kí àbúrò yín sì bá yín lọ, torí òun ló kọ ọ́.